Láìnì Tó Rúwé

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń pọ̀n mí sọdá bí odò ojú ọ̀nà oko bá kún, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wọ ìlú wa, kò sì jáde mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìfi Gẹ̀ẹ́sì há a láàrin, ẹ lè máa rò pé ohun tí kò tó nǹkan ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fara balẹ̀. Bí èmi tí mo ti di arúgbó bá lè jókòó sójú kan kí n máa sọ ìtàn, ẹ̀yin náà lè jókòó kí ẹ gbọ́ ọ. Láìnì ni ọ̀rọ̀ náà. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbi tí wọ́n bí mi sí, nínú ìlú kékeré kan tí ènìyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn jáde kó tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Òkìtìpupa, kò sí ẹni tí kò mọ láìnì, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B.

Ilé ìwé ni mo ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ìpàdé náà kò sì dùn. Tíṣà wa, tó tún jẹ́ olùkọ́ ìjọ, a máa dúró níwájú ilé ìwé láràárọ̀, a sì kígbe pé kí a tò sí láìnì. Ara mi kì í gbé ojú kan nígbà náà. Bí labalábá bá ń kọjá lọ, ọrùn mi á bá a lọ; bí ẹ̀fọn bá bà sí ọrùn ọmọ tó wà níwájú mi, ọwọ́ mi á ti dé ibẹ̀ kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Pàṣán tíṣà sì mọ ẹsẹ̀ mi dáadáa. Láìnì tún wà nínú ìwé tí a ń kọ nǹkan sí, lẹ́tà kankan kò sì gbọdọ̀ gùn ún kọjá. Ẹni tó bá ṣẹ̀, wọ́n á ní kó lọ kọ láìnì, ìyẹn ni pé kó máa kọ gbólóhùn kan náà títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Lọ́jọ́ ìsinmi, tíṣà yìí kan náà á tún máa ka orin fún ìjọ ní láìnì kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé e, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà inú ìjọ ni kò mọ̀wé.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi bọ́ lọ́wọ́ tíṣà. Ìyá mi ń sá aṣọ sórí láìnì. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Òkìtìpupa sí Ìrẹ̀lẹ̀ ní láìnì tiwọn, bí ọkọ̀ ibòmíràn bá wá já èrò gbà níbẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Obìnrin ẹ̀yà Ìjọ kan wà tó máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá láti etí omi, bí ẹnikẹ́ni bá bi í bóyá ó ń ta iyọ̀, á ní iyọ̀ kì í ṣe láìnì òun. Ọmọ tó bá ya aláìgbọràn, wọ́n á ní ó ti kúrò ní láìnì. Ìyá àgbà mi nìkan, ìyá tó bí bàbá mi, ni kì í pe ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó ní òun kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ń wá kiri láti ojúlé dé ojúlé bí ẹni tí kò ní ilé tirẹ̀.

Ìyá àgbà ní igbó ọ̀pẹ kan lódì kejì odò. Baba rẹ̀ ló fi í lé e lọ́wọ́ nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ìyẹn bàbá mi, ó ní kí ọmọ òun obìnrin má baà máa wo ọwọ́ ọkọ kó tó jẹ iyọ̀. Kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀, ẹnu àgbà ni ìwé nígbà náà. Bàbá mi ló ń gun ọ̀pẹ náà. Á fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, á gun ún dé òkè, á gé ìdì ẹyìn lulẹ̀, àwa ọmọdé á máa sáré ṣa èyí tó bá fọ́n ká. Ìyá àgbà á sè é, á gún un, á sì tẹ epo rẹ̀. Epo yẹn la fi ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, òun náà la ń tà tí a fi ń ra aṣọ ilé ìwé. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà nínú igbó ọ̀pẹ yẹn, ẹ ó rò pé ọmọge ni. Nílé, eegun ẹ̀yìn a máa dùn ún, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibẹ̀, kò sí eegun kankan tó ń dùn ún mọ́.

Mo ti wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí awọnlẹ̀ dé. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ gbin oko ọ̀pẹ ńlá, irú ọ̀pẹ kúkúrú tí kì í pẹ́ so, kí gbogbo agbègbè wa lè níṣẹ́ lọ́wọ́. Awọnlẹ̀ náà kì í ṣe òyìnbó bí a ti rò. Ọmọ Yorùbá ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti apá Èkìtì, tó ń fi aṣọ ìnujú nu ojú ṣáá nítorí ooru ilẹ̀ wa. Ó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kalẹ̀, ó di ojú kan, ó fi ìkejì wo inú rẹ̀, ó na ọwọ́. Ibi tó bá na ọwọ́ sí ni àwọn ọkùnrin tó gbà síṣẹ́ nínú ìlú wa á fi àdá là, bàbá mi sì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tí wọ́n là yẹn ṣe rí lójú mi. Gbogbo ọ̀nà tí mo ti mọ̀ rí ló máa ń wọ́. Ọ̀nà tiwa a máa yà fún igi ńlá, a máa yà fún ọ̀gán, a sì máa gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá torí pé ẹnìkan ti fẹ́yàwó níbẹ̀ láyé àtijọ́, tó ń kí àna rẹ̀ lójoojúmọ́. Láìnì awọnlẹ̀ kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ó tọ́ gbọnrangandan, ó wọ inú igbó lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Mo dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n sáré nínú rẹ̀ títí n ó fi dé ibi tí n kò mọ̀, ó sì tún ń ṣe mí bíi pé kí n sá padà sílé. Nígbà tí wọ́n là á dé òdì kejì odò, ó gba àárín igbó ọ̀pẹ ìyá àgbà kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ náà sì bọ́ sí apá ti ìjọba.

Awọnlẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó pe ìlú jọ sí iwájú ilé Ọlọ́jà, olórí ìlú wa, ó ní ìdánwò ni láìnì òun, pé òun yóò padà wá bí òjò bá dáwọ́ dúró. Bí ó bá pa ẹnikẹ́ni lára, kí onítọ̀hún sọ ọ́ nígbà náà, wọ́n lè sún un lọ sí etí àbàtà níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan sí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tó da ìlú rú. Ó ní bí láìnì bá dúró síbi tó wà, ẹ̀bá ìlú wa ni wọ́n á kọ́ láìnì àwọn òṣìṣẹ́ sí. Láìnì òṣìṣẹ́ ni ilé alápá kan tí wọ́n ń kọ́ tò tẹ̀ léra fún àwọn tó ń gba owó oṣù. Ọ̀nà ọkọ̀ á bá a wá, ẹ̀rọ omi á bá a wá, bóyá ilé ìgbòògùn pẹ̀lú.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò jẹ́ kí a sinmi nílé wa mọ́. Bí bàbá mi bá ti gbọ́ láìnì, iṣẹ́ oṣù ló ń gbọ́, àti ṣòkòtò kúkúrú kákí, àti omi tí a kò ní í sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ ọ, èèkàn tí wọ́n rì sáàrin ọ̀pẹ baba rẹ̀ ló ń rí. Ọmọ sì ni, ìyá sì ni, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n sì ń sùn. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ọ̀rọ̀ èèkàn yìí ló wá di ẹjọ́. Awọnlẹ̀ ti ní kí wọ́n fi igi líle tó ti gbẹ gbẹ́ èèkàn, kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ń kánjú, wọ́n fẹ́ fi han awọnlẹ̀ pé ìlú wọn mọ iṣẹ́ ṣe. Ìyeyè pọ̀ létí odò, kì í le àdá, wọ́n bá ń bẹ́ ẹ ní tútù, wọ́n ń gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbá èyí tó wà nínú igbó ọ̀pẹ ìyá rẹ̀ wọlẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó pé òjò ń bọ̀, tí gbogbo wọn sì jẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ayọ̀ ń gùn kì í wo ojú ọ̀run.

Òjò rọ̀. Ìyá àgbà kò jókòó. Láràárọ̀ ni ó ń gba inú láìnì yẹn kọjá, tó ń wo èèkàn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo olè tó sùn. Bí n kò bá lọ sí ilé ìwé, èmi ni mo ń tẹ̀ lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró lójijì níwájú mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. Ewé ti yọ lórí èèkàn, ewé tútù kékeré, ó ń dán. A rìn síwájú, ìkejì náà ti rúwé. Ìyá àgbà jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó sì ki orí bọ àárín ọwọ́ méjèèjì. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìlú wa, bí ìdílé méjì bá parí ìjà ilẹ̀, ìyeyè tútù ni wọ́n jọ máa ń rì sí ààlà. Bí ó bá gbẹ, wọ́n á tún lọ jókòó sọ̀rọ̀. Bí ó bá rúwé, ilẹ̀ ti gbà á nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Baba kò ní fà á tu, ọmọ kò ní fà á tu, ẹni tó bá sì dá ọwọ́ lé e, kò ní í jẹ èso oko náà gbádùn. Ohun tí àwọn bàbá wa fi ìkánjú ṣe ti wá di ààlà tó dájú ju èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ní lọ́kàn lọ.

Ìròyìn náà kò pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́jà. Inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọn tó sùn nínú ilẹ̀ ti dá sí i, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ ohunkóhun fún awọnlẹ̀ mọ́ bí ó bá dé. Gbogbo ọkùnrin ìlú gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń bára wọn jà lórí ilé tí oníkálùkù á gbé nínú láìnì òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Bàbá mi náà yọ̀ pẹ̀lú wọn níta. Nílé, ojú rẹ̀ kì í lè pàdé ojú ìyá rẹ̀.

Ìyá àgbà kì í jẹun tán mọ́. Á bu púpurú lẹ́ẹ̀kan, á dìde, á lọ wo ẹnu ọ̀nà, á padà, á tún dìde. Bàbá mi ní, "Iye, ẹ jókòó. Ẹ̀ ń rìn dede ulí bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀." Dede ulí ni gbogbo ilé lẹ́nu tiwa.

Ìyá àgbà wò ó. "Nǹkan sọ nù lọ́wọ́ mi, ọma mi. O mọ ibi tó wà."

Bàbá mi gbé àdá rẹ̀, ó bá ẹ̀yìn jáde. Mo ń sọ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju pàṣán tíṣà lọ, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Nígbà tó yá, ìyá àgbà mú ọ̀pá, ó ní òun ń lọ bi àwọn àgbà tó kù. Ó lọ sí Àjàgbà lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń wá níbẹ̀ ti kú. Ó sinmi díẹ̀, ó tún ní Ìjù-Odò ló kàn, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ṣì wà láàyè. Èmi ni mo gbé ẹrù tẹ̀ lé e. Ọ̀nà náà gùn, ẹrẹ̀ pọ̀, òjò pa wá lẹ́ẹ̀mejì, kò sì jẹ́ kí a yà síbì kankan. Mo bi í bóyá kò rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, "Ẹsẹ̀ éè rẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré." Mo ti dàgbà báyìí, mo wá mọ ohun tó ń wí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí, bàbá àgbàlagbà kan, jókòó sẹ́yìn ilé nígbà tí a dé Ìjù-Odò, ó ń bó àgbàdo sísun jẹ, eyín rẹ̀ ṣì pé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin láìdá sí i. Ó wá bi ìyá àgbà léèrè pé, "Èwo nínú wọn ló bá ọ rì í mọ́lẹ̀?"

Ìyá àgbà ní kò sí. Ó ní ẹnìkan ò bi òun, ọwọ́ ìjọba nìkan ló rì í, ọmọ òun ni wọ́n sì fi ṣe ọwọ́ náà.

Bàbá náà ju kùùkù àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ààlà ọlọ́wọ́ kan nìyẹn. Ó hù lóòótọ́, o éè gbọdọ̀ dá fà á. Àwọn náà éè gbọdọ̀ dá fà á. Ẹ̀yin méjèèjì tí ààlà náà kàn ni kí ẹ jọ dì í mú, kí ẹ jọ fà á, kí ẹnìkan má baà sọ lọ́la pé èkejì jí ilẹ̀ òun."

Ìyá àgbà bi í pé ta ni òun máa wá rí tí yóò dúró fún ìjọba. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ń gba owó rẹ̀ ni kó dì í mú. Ó wá fún wa ní àgbàdo, ó sì ní kí a sùn di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti gbé ọ̀pá rẹ̀.

Òjò dáwọ́ dúró, awọnlẹ̀ padà dé. Gbogbo ìlú ló jáde sí igbó ọ̀pẹ lọ́jọ́ náà. Àwọn èèkàn ti di igi, òmíràn ga ju èmi lọ. Awọnlẹ̀ dúró, ó ń wò wọ́n, ó ń nu ojú. Ó ní ṣé kì í ṣe pé òun sọ pé igi gbígbẹ ni. Ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ nípa láìnì náà kí òun tó fi ọwọ́ sí i. Ọlọ́jà ní kò sí, ó ní ilẹ̀ ti gbà á.

Ìyá àgbà wá jáde láàrin àwọn obìnrin. Ó ní, "Èmi ní. Dede ọ̀pẹ tí ẹ̀ ń wò yìí, baba mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ sún un lọ sí etí àbàtà bí ẹ ti wí."

Ariwo ta. Ọlọ́jà ní ṣé ó fẹ́ fa igi ààlà tó rúwé tu lójú àwọn baba rẹ̀ ni. Ẹnìkan lẹ́yìn ní obìnrin kan ṣoṣo kò lè fi ọ̀pẹ mélòó kan di ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ gbogbo ìlú. Awọnlẹ̀ ṣá ní bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òun yóò sún un, ó sì sọ fún àwọn lébìrà pé kí wọ́n fa àwọn èèkàn náà tu. Kò sí ẹni tó mira. Wọ́n kàn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ó tún un sọ, ẹnìkan sì fi àdá rẹ̀ lélẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ.

Ìyá àgbà ti dé ìdí èèkàn. "Ọma mi," ó wí fún awọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga, "èmi nìkan éè lè fà á, ìwọ nìkan éè lè fà á. Ìwọ ni ọwọ́ ìjọba níbí. Wá bá mi dì í mú."

Mo rí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ó kàwé, ṣùgbọ́n ìlú kan ló ti wá, wọ́n sì ní ààlà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà tó rọrùn fún un ni kó fi ọwọ́ sí i bó ṣe wà, kó máa bá tirẹ̀ lọ, gbogbo ọkùnrin ìlú á sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó wo Ọlọ́jà, ó wo ìyá àgbà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Màmá." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di èèkàn náà mú lókè ibi tí ọwọ́ ìyá àgbà wà.

Wọ́n fà á. Kò mì. Wọ́n tún fà á. Ìyá àgbà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ awọnlẹ̀ sì rọ̀, kì í ṣe ọwọ́ àgbẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàrin èrò, ẹ̀rín yẹn sì gún mi. Mo ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mò ń gbé ìkejì, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Bàbá mi dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn lébìrà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń wo ìyá rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́ láìwò mí, ó lọ kúnlẹ̀ nídìí èèkàn náà, ó sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ọlọ́jà pe orúkọ rẹ̀, ó ní ṣé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Bàbá mi ní, "Èmi ni mo gbá a mọ́lẹ̀. Mo mọ bó ṣe jìn tó."

Èèkàn náà jáde tòun ti gbòǹgbò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú sẹ́yìn lé ara wọn lórí, ẹrẹ̀ bo fìlà awọnlẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ ni wọ́n ń ti èèkàn kan dé òmíràn, ìyá àgbà ń dì í mú, awọnlẹ̀ ń dì í mú, bàbá mi ń fà á láti ìdí. Láìnì kúrò nínú ọ̀pẹ wa, ó sì bọ́ sí etí àbàtà.

N kò ní í tàn yín jẹ. Ìlú kò dárí jì wá. Láìnì òṣìṣẹ́ kò lè dúró lórí àbàtà, wọ́n lọ kọ́ ọ sí ẹ̀bá ìlú mìíràn, ọ̀nà ọkọ̀ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, omi ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé e. Ọlọ́jà ṣì ń dá wa lóhùn bí a bá kí i, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe aláìjẹ́ ìkíni nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún béèrè àlàáfíà ará ilé mọ́. Bàbá mi kò wọ kákí oṣù kankan títí ó fi kú. Ọ̀pẹ ló ń gùn. Bí ó bá rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ibi kejì, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ wá ṣe ọdún nílé, á wọ inú yàrá lọ, kò ní í jáde bọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ nítorí rẹ̀ rí. Ìyá àgbà náà kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú wa rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, orí ẹja nínú ọbẹ̀, àwo bàbá mi ló ń lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé. Àwọn ọmọ tó wà nínú mọ́tò ń sọ̀rọ̀ láìnì tiwọn, pé láìnì èyí kò lọ, pé láìnì tòhún kò dára nínú igbó, wọ́n ń na fóònù sókè bí ẹni ń wá òjò. Mo fetí sí wọn, mo rẹ́rìn-ín, mo sì ronú nípa ìyá àgbà tó ní ọ̀rọ̀ náà kò nílé. A gba ìlú kejì yẹn kọjá. Ọ̀dà ló wà lójú ọ̀nà wọn, ilé ẹ̀kọ́ gíga wà, ilé ìfowópamọ́ wà. A wá bọ́ sí ojú ọ̀nà tiwa, ọkọ̀ kò lè dé òpin rẹ̀. Òrùlé tó ṣẹ́kù kò pọ̀. Arákùnrin kan tí kò tíì dáyé nígbà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí mi tayọ̀tayọ̀, nígbà tó sì gbọ́ ilé tí mo ti jáde, ó ní, "Ṣé màmá tó lé láìnì lọ?" Kò fi í bú mi, ó kàn béèrè. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń rò pé ìyá àgbà ló jàre, ọjọ́ mìíràn sì wà tí mo ń rò ó pé bí ọ̀nà ọkọ̀ bá ti wá, bóyá bàbá mi ì bá dé ilé ìwòsàn lásìkò. Kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo rọra wọ inú igbó ọ̀pẹ náà lọ. Ó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ẹyìn pọ́n lórí, ó pọ́n kọjá pípọ́n, ó ń já bọ́ fúnra rẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ sì ti ń rà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà pẹ̀lú mi, dókítà wà nínú wọn, lọ́ọ̀yà wà nínú wọn, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo ní kí ẹnìkan bá mi gé ìdì ẹyìn kan péré sílẹ̀ kí n lè gbé e lọ. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ara wọn. Ọ̀pẹ yìí ló rán gbogbo wa nílé ìwé, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tó mọ̀ ọ́n gùn.